Ìkànnì tó ń ṣírò ìrìn bàálù: kìlómítà rẹ̀ pé, wákàtí rẹ̀ kò pé

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń lo ìkànnì kan tó ń ṣírò bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra tó àti iye wákàtí tí bàálù máa fi dé ibẹ̀. Orúkọ ìlú méjèèjì nìkan lèèyàn máa tẹ̀ sí i, kíá ló ti dáhùn. Mo tẹ Lọ́ńdọ̀nù àti Tokyo, torí ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ó ní bíi 9,600 kìlómítà ni, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 10.

Kìlómítà yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí nígbà tí mo rí ilà tó fà sórí máàpù: kò lọ tààrà sí ìlà-oòrùn, ńṣe ló tẹ̀ sókè bí ọrun, ó gba Scandinavia wọ Síbéríà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Japan. Mo bá mú òwú ìránṣọ, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ kan mọ́ Lọ́ńdọ̀nù lórí glóòbù, mo fa èkejì le dé Tokyo. Ibi tí ilà yẹn gbà gẹ́lẹ́ ni òwú náà gbà. Ayé rí róbótó, máàpù pẹlẹbẹ ló ń tan ojú jẹ.

Wákàtí ni ìjà wà. Mo gbára lé e, mo fi àdéhùn sí aago 9 òwúrọ̀ ní Tokyo. Tí mo bá gbéra ní aago 11 òwúrọ̀, aago 7 kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ kejì ló yẹ kí n balẹ̀, nítorí Tokyo fi wákàtí 9 ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù. (Ó di 8 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí Japan kì í yí aago padà. Ìkànnì náà mọ èyí, mo yìn ín.) Ìgbà tí mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo rí wákàtí 14. Mo ṣebí bàálù náà máa yà síbì kan ni. Kò yà síbì kankan.

Láti 2022 tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Yukréìn, bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba òfurufú Rọ́ṣíà mọ́, ti Japan náà sì ń yẹra fún un. Lójú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú mi, mo wò wá bá a ṣe gba orí Tọ́kì, tá a ré Òkun Caspian kọjá, tá a gba Kazakhstan wọ Ṣáínà. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, Alaska àti Greenland la gbà! Síbéríà nìkan ni ìkànnì yẹn mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi sún àdéhùn mi sí ọ̀sán.

Bí mo ṣe rí i, ńṣe ló kàn ń fi 900 pín kìlómítà, tó ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Kò ka afẹ́fẹ́ sí rárá. Lọ́ńdọ̀nù sí New York, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ló pe àlọ, òun náà ló pe àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn máa ń dá bàálù dúró ní àlọ, á sì tì í lẹ́yìn ní àbọ̀. Ní February 2020, bàálù British Airways kan ti New York dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá ya wákàtí àlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àbọ̀, màá fi ẹyọ kan kún un.