Kápúsù eléwé fún oṣù 9, oògùn dókítà fún ọjọ́ 14: ohun tí ojú mi rí lórí ọgbẹ́ inú

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣú ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lè jókòó sídìí máṣíìnì láti àárọ̀ kùtùkùtù, kó di aago mẹ́ta ọ̀sán kí n tó rántí pé n ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ará ilé mi lẹ́nu nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Màámi ní, "Ebi tí o fi ń pa ara rẹ ló dọ́gbẹ́ sí ọ nínú." Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Òkè ìdodo ni ìrora yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi ẹyín iná há a níbẹ̀. Aago méjì òru ló máa ń jí mi jù. Tí mo bá jẹ búrẹ́dì díẹ̀ tàbí mo mu ẹ̀kọ, á rọlẹ̀, àmọ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún ti dé.

Ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ lọ, kí n má parọ́. Mo wà lórí ìlà láti aago méje títí di ọ̀sán, dókítà tó dá mi lóhùn ò gbójú sókè wò mí. Ó kọ omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, àti oògùn olómi kan tó funfun bí ẹfun, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. Kò ní kí n ṣe àyẹ̀wò kankan. Mo lo oògùn, ara tù mí. Oògùn tán, ìrora padà. Mo tún lọ, wọ́n tún kọ ọ́ fún mi. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fi gbé kápúsù eléwé wá bá mi. Ó jókòó sórí àga oníbàárà fún bíi wákàtí kan. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, ó bi mí ohun tí mò ń jẹ, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn òyìnbó kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Eléyìí á fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ewé ni, kò ní kẹ́míkà kankan nínú." Títí di òní, n ò gbàgbé pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó fara balẹ̀ gbọ́ àìsàn náà lẹ́nu mi. Mò ń sọ ọ́ torí àwọn tó máa ń bú àwa tí a ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ èèyàn lèèyàn ń bá lọ.

N ò ní dárúkọ kápúsù náà, torí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, orúkọ ara ike ló yàtọ̀. Ike funfun ni, ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kápúsù 60 ló wà nínú rẹ̀, 9,500 náírà ni mò ń rà á. Méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ọjọ́ 15 ni ike kan máa ń tó mi. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n, ata ilẹ̀ pupa, gbòǹgbò licorice àti aloe vera ni wọ́n fi ṣe é. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan mo tú kápúsù kan sórí bébà tí mo fi ń ya àwòṣe aṣọ. Ìyẹ̀fun náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń rùn bí èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ lá. Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀, lẹ́yìn náà ni adùn kan yọ, adùn tó nípọn tí kì í tètè kúrò lẹ́nu, kódà lẹ́yìn tí mo mu omi. Àwọ̀ ata ilẹ̀ náà wà lára ìka mi títí dọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù kí n fi yí léèsì funfun oníbàárà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi adùn yẹn sọ́kàn.

Ó ṣiṣẹ́ o. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti ń sùn mọ́jú. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mú oníbàárà mẹ́ta lọ bá obìnrin náà. N ò lè jókòó níbí kí n ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 1984, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ oògùn British Journal of Pharmacology pé ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò pọ́n dáàbò bo inú àwọn eku tí wọ́n fún ní aspirin, kó má dọ́gbẹ́. Ara licorice náà ni wọ́n ti mú oògùn carbenoxolone, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fún àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ní àwọn ọdún 1960. Agbára wà nínú ewé. Àmọ́ inú eku kọ́ ni inú èèyàn, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ike mi pé báyìí ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe pọ̀ tó nínú kápúsù kan.

Ohun kan wà tí obìnrin náà ò bi mí, tí dókítà àkọ́kọ́ ò bi mí, tí èmi fúnra mi ò sì mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ inú. Ẹ̀yìn máa ń ro aránṣọ. Diclofenac ni mò ń lò sí i, mò ń rà á ní kẹ́mísìtì bí ẹni ra súìtì, mo sì máa ń gbé e mì lórí ikùn òfìfo kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí kápúsù wá jẹ́ kí inú dákẹ́, ṣe ni mo tún ń lò ó sí i, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, torí n ò gbọ́ ariwo inú mi mọ́. Tí mo bá rántí èyí, àyà mi ṣì máa ń já.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ 150 lórí 100. N ò ní in rí. Ní oṣù kẹsàn-án, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, ìgbẹ́ mi sì dúdú kirimu, ó ń fà bí ọ̀dà. Mo bi obìnrin náà. Ó ní ìdọ̀tí inú ló ń jáde, kí n fi kápúsù kan kún un. Mo fi kún un. Ọjọ́ kẹta ni mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló sáré gbé mi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sun nínú mi látọjọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gba inú kọjá kì í sábà jáde ní pupa, dúdú ló sábà máa ń dà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí má ṣe dúró de ọjọ́ kẹta bíi tèmi.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, páìǹtì méjì. Dókítà obìnrin kan tó kéré sí àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó lè máa wò mí lójú, ó ní, "Màmá, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tòyìnbó àti tìbílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kó o wá. Ẹ má fi ìkankan pamọ́, n ò ní bá yín jà." Ọkọ mi lọ kó wọn wá sínú ọ̀rá. Dókítà tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mú diclofenac sọ́tọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó wá gbé ike kápúsù, ó ń fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró lórí licorice. Adùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kó dùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú, kí èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ru. Diclofenac náà lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó ní òun ò lè búra pé ọ̀kan ni, kí n fi méjèèjì sílẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo padà sí 128 lórí 80.

Wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun mi wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́n oògùn kíkorò sí èèyàn lọ́fun kó lè kú tipiri, ó ń rìn mí, omi ń bọ́ lójú mi, àmọ́ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn mí: níbi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, ihò kan wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ pọ́n. Wọ́n já ẹran ara kín-ń-kín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò Helicobacter pylori.

Mo ní, "Dókítà, ṣé kì í ṣe ebi?" Ó ní, "Ebi ló máa ń jẹ́ kó ta yín, òun kọ́ ló gbẹ́ ihò yẹn. Kòkòrò yìí àti oògùn ẹ̀yìn ríro yín ni." Ó sọ fún mi pé ní 1984, dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, bu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu láti fi hàn pé òun ló ń bá inú jà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, inú rẹ̀ ti wú, ó ti ń bì. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Ọ̀rọ̀ yìí gbé nǹkan wúwo kan kúrò lórí mi. Látọjọ́ yìí wá ni mo ti ń rò pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi torí pé mò ń ṣiṣẹ́ kí ọmọ mi lè jẹun.

Ó wá kan oògùn dókítà, kí n yẹ òun náà wò bó ṣe rí. Omeprazole 20 mg, amoxicillin gíráàmù kan àti clarithromycin 500 mg (àwọn méjì yìí ló ń pa kòkòrò), gbogbo wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 14. Hóró mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan, 112 lápapọ̀. Omeprazole gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ní gbogbo ọdún kan àbọ̀ tí mo fi ń lò ó. Clarithromycin ló le jù. Ó máa ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn rí bí ẹni lá kọ́bọ̀ onídẹ, ọbẹ̀ ò dùn mọ́, omi gan-an ò dùn. Inú ń ṣí mi. Lọ́jọ́ karùn-ún mo fẹ́ dá a dúró. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn fún mi ní, "Mummy, ẹ má ṣe é. Èyí tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á mọ oògùn yìí, kò ní gbọ́ tiẹ̀ mọ́." Mo fara dà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, mo ń lo omeprazole nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ojú ọgbẹ́ lè jiná. Ọjọ́ tí mo dá a dúró, àyà ta mí bí ìgbà àtijọ́, mo sunkún, mo rò pé ó ti padà. Dókítà ní omi kíkan inú máa ń ru sókè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí èèyàn bá fi í sílẹ̀. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, torí tí omeprazole bá ṣì wà lára, kòkòrò lè sá pamọ́ fún àyẹ̀wò. Kò sí mọ́.

Ní ti owó: ike 18 ni mo lò, 171,000 náírà. Àyẹ̀wò oníkámẹ́rà, oògùn ọjọ́ 14 àti àyẹ̀wò ìgbẹ́ ná mi ní 128,000. Owó ẹ̀jẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ò sí níbẹ̀, ìyẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kápúsù àti diclofenac ló sì ná mi ní ìyẹn náà.

Nígbà tí mo délé ni mo tó fi gíláàsì ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nídìí ike. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Nọ́ńbà tí mo fi ń fọkàn balẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti kọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo ọgbẹ́ inú. Ẹ lọ wo ìdí èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá bi mí, kápúsù yẹn tu mí lára, n ò sẹ́, ìtura yẹn gan-an ló sì fẹ́ pa mí, torí ó pa ẹnu ìrora dé nígbà tí ihò ń jìn sí i. Omeprazole tí wọ́n ń kọ fún mi láìyẹ̀ mí wò ṣe ohun kan náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi omeprazole ṣe oúnjẹ lọ́dọọdún náà, ẹ ní kí dókítà máa wo ìwọ̀n magnesium àti fítámì B12 inú ẹ̀jẹ̀ yín. Àyẹ̀wò ló là mí. Mo ṣì ń jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, oúnjẹ ni lọ́dọ̀ mi. Diclofenac ò wọlé mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àgbo inú ọtí tí wọ́n ń gbé kiri ò kan ẹnu mi.

Dókítà ní kòkòrò náà máa ń ràn láàárín ará ilé, láti kékeré ló sì ti ń wọ ọ̀pọ̀ wa lára. Màámi ti ń fọwọ́ di ikùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, orógbó ló sì máa ń jẹ sí i. Mo mú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lánàá. Ọjọ́bọ̀ la máa gba èsì.