Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta Fíìmù Àtijọ́ "Aláwọ̀" ní Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù àtijọ́ nílùú Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ọkùnrin tó ń polówó háàdì-dísìkì lórí WhatsApp, tó ní òun ti kó gbogbo ògbólógbòó fíìmù tí ń gbé ọkàn ẹni sókè jọ, àti pé gbogbo èyí tó jẹ́ dúdú-àti-funfun nínú wọn ló ti di aláwọ̀. ₦45,000 ló ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdúmọ̀tà, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ló máa ń rán sí àwa tá à ń gbé lódìkejì afárá. Abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba lọmọ náà ti ń pàdé èèyàn, kò sì ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọjà kí áláàtì tó wọlé. Ayédèrú ló pọ̀ jù nínú ọjà náà. Ìwọ̀nba tó jẹ́ ojúlówó níbẹ̀, irọ́ ló fi ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní Sùúrùlérè ló rà á. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ilé wọn la sì ti máa ń péjọ wo fíìmù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn fàáké kọ́rí pé àwọn ò lè wo ohun tí kò láwọ̀, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó ti àwọn, kí wọ́n mọ ohun táwọn fẹ́ràn. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi rà á. Inú ń bí mi gan-an.

Fíìmù Psycho ló fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1960 ni Alfred Hitchcock gbé e jáde, dúdú-àti-funfun ni. Kì í ṣe pé kò sí fíìmù aláwọ̀ nígbà yẹn o. Òun fúnra rẹ̀ ti ya àwọn mìíràn láwọ̀ ṣáájú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀ ni, débi pé omi ṣokoléètì ni wọ́n lò fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú balùwẹ̀, ojú wa ò sì dá a mọ̀. Èyí tó wà nínú háàdì-dísìkì ọkùnrin yìí kì í ṣe fíìmù yẹn rárá. Èyí tí Gus Van Sant tún yà lọ́dún 1998 ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ti Hitchcock ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé aláwọ̀ ni látilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí gé ibi tí orúkọ àwọn òṣèré ti ń jáde kúrò, ó fi fọ́tò ti 1960 bo iwájú ẹ̀, ó ní òun ti kùn ún. Ojú òṣèré lẹ máa fi mọ̀. Janet Leigh àti Anthony Perkins ló wà nínú ti 1960, Perkins sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí Anne Heche, tí ẹni tó ń tọ́jú òtẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ Vince Vaughn, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ aláyà gbàgàdà, ẹ dá a padà fún un.

Rear Window ńkọ́? Ó tún gba ₦5,000 lé e lórí ìyẹn, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọ̀ kùn ún ni. Láti 1954 tí fíìmù náà ti jáde ló ti láwọ̀. Vertigo ti 1958 náà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni D.O.A. ti 1950. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ mọ́ ní Amẹ́ríkà, torí wọn ò tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó yẹ, nítorí náà n kò bá a jà pé ó dà á kọ. Ohun tó fi ojú fíìmù náà rí ni mo ń bá a jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ó yà, ó tún bọ́ sí òmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí, orúkọ àwọn òṣèré sì ń jáde lórí rẹ̀. Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tó máa sọ pé òun wá fẹjọ́ ìpànìyàn sùn, pé òun gan-an ni wọ́n pa, èèyàn ti di ọwọ́ àga mú. Torí pé orúkọ wà lórí ìrìn yẹn, oníjìbìtì yìí gé gbogbo rẹ̀ sọnù. Nínú ẹ̀dà tirẹ̀, ọkùnrin náà kàn ṣàdédé wà níwájú ọlọ́pàá ni, ó ń sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú 83 ni fíìmù náà. Èyí tó tà fún ẹ̀gbọ́n kò pé 70. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ̀rọ̀, ó ti yọ ọ́, kí fáìlì lè kéré, kí púpọ̀ lè gba inú díìsìkì. Bẹ́ẹ̀, ibi tí kò sọ́rọ̀ yẹn gan-an la torí ẹ̀ ń wo irú fíìmù báyìí: ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó dúró lára ilẹ̀kùn. Àwa mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó fẹ́ ṣí i ò mọ̀. Ó ti lé ní 70 ọdún, àyà ṣì ń já wa.

Ẹ wá wo àwọ̀ tó kùn ún. Ó kàn da fíìmù sínú ètò kọ̀ǹpútà ni, kò sẹ́ni tó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòtù ọkùnrin náà jẹ́ búlúù nígbà tó dìde, ó di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó jókòó. Bó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò báyìí, ọwọ́ náà di eérú. Èéfín sìgá mú àwọ̀ ògiri. Ibì kan wà tí dókítà ti pa iná láti fi hàn án pé májèlé ti wọ ara ẹ̀: ìgò kékeré kan ń tàn nínú òkùnkùn, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ayé òun ti tán. Wọ́n ti gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sókè débi pé ohun tó wà nínú ìgò náà rí bí omi ògì, ẹ sì lè ka àga tó wà nínú yàrá. Àwọn tó ya fíìmù wọ̀nyí fara balẹ̀ ṣètò òkùnkùn wọn. Ẹni tó bá tan iná sí i ti gba ẹ̀rù náà lọ́wọ́ wa.

N kò kórìíra fíìmù tí wọ́n fi àwọ̀ kùn o. Lọ́dún 1985, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Hitchcock fúnra rẹ̀ máa ń sọ nínú ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Àwọn kan ò fẹ́ ẹ rárá: àwọn ajogún John Huston, olùdarí fíìmù, gbé ọ̀rọ̀ fíìmù rẹ̀ The Asphalt Jungle tí wọ́n fi àwọ̀ kùn lọ sílé ẹjọ́ ní Faransé, wọ́n sì jàre lọ́dún 1991. Ẹni tó bá wù láwọ̀, kó wò ó láwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é láìṣẹ̀tàn máa ń kọ ọ́ síwájú páálí pé àwọn ló kùn ún, ó sì sábà máa ń fi ti dúdú-àti-funfun sínú díìsìkì kan náà. Bí Night of the Living Dead ti 1968 ṣe jáde láwọ̀ lọ́dún 2004 nìyẹn.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀, níbikíbi tí ì báà jẹ́, ẹ ní kí wọ́n tan fíìmù náà níṣojú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí orúkọ òṣèré ò bá jáde, ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó wà nísàlẹ̀: Psycho ti 1960 jẹ́ 109, Rear Window jẹ́ 112. Ẹ má ṣe tiransífà fún ẹni tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ wò ó.

Nígbà tí a gbé tiwa padà lọ, ó ní ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun kì í padà, ó sì ti dí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n pa. Irọ́ nìyẹn náà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu padà, pàápàá èyí tí wọn ò jẹ́ ká yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wá. LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ń gba irú ẹjọ́ yìí, FCCPC, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, náà ń gbà á. Ọ̀dọ̀ LASCOPA là ń lọ, lẹ́yìn tá a bá ti rí àwọn àgbà ọjà Ìdúmọ̀tà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó má pa fáìlì náà rẹ́, kó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, kó tọ́jú rìsíìtì tiransífà, kó wá kàn sí mi lábẹ́lẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.