Òdékú Èkó, Guinness Dublin tàbí stout Kernel: èwo ni kí ẹ rà ní Lọ́ńdọ̀nù?

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé ní Peckham àti Old Kent Road, ẹ lè bá ìgò Guinness oríṣi méjì lórí pẹpẹ kan náà. Dúdú ni méjèèjì, Foreign Extra Stout ni orúkọ méjèèjì, 7.5% ni wọ́n kọ sí ara méjèèjì. Ọ̀kan wá láti Nàìjíríà, òun là ń pè ní Òdékú, èkejì wá láti Dublin, owó wọn kì í sì í sábà dọ́gba. Ẹ bi àwọn tó dúró síbẹ̀ pé kí ni ìyàtọ̀ wọn, wọ́n á ní ti ilé le jù. Kò le jù rárá. Agbára ọtí kan náà ló wà nínú wọn. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wọn wà, ó sì tó ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ náwó mọ̀. Mo kó mẹ́ta mìíràn mọ́ wọn: Guinness inú agolo, Legend tó jẹ́ stout Nàìjíríà mìíràn, àti Export Stout tí ilé ìpọntí kan tó ń jẹ́ Kernel ń pọn ní Bermondsey, níbi tí kò jìnnà sí Peckham rárá.

Ti Èkó àti ti Dublin

Ọtí ìrìn-àjò ni Foreign Extra Stout láti ilẹ̀. Ní 1801 ni Guinness ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpọntí wọn, West India Porter ni wọ́n ń pè é nígbà náà (porter ni bíà dúdú tí stout ti inú rẹ̀ jáde). Erékùṣù Karibíà ni wọ́n ń kó o lọ, ọ̀nà sì jìn, oòrùn sì mú. Kó má baà bàjẹ́ lórí omi, wọ́n fi kún agbára rẹ̀, wọ́n sì fi kún hops, ewéko kíkorò tí kì í jẹ́ kí bíà tètè kan. Àṣà ọkọ̀ ojú omi yẹn ló bí 7.5% tí à ń mu dòní.

Ilé ìpọntí Guinness ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Nígbà tó di 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọ Nàìjíríà, làwọn apọntí bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n ti wọ́gi lé òfin náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pọn bíà tí kò dúdú níbẹ̀, wọ́n á wá po èròjà dúdú kíki tí wọ́n ti Dublin kó wá mọ́ ọn. Nítorí náà, ọwọ́ Dublin ṣì wà nínú ti Èkó. Ara ọtí náà ló jẹ́ tiwa. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún pé ara rẹ̀ kò gba báálì kò gbọdọ̀ tìtorí ọkà bàbà yìí rà á o, báálì ni wọ́n fi ṣe èròjà tó ń ti Dublin wá.

Ẹ bu méjèèjì sínú ife gíláàsì, kí ẹ má mu ún láti ẹnu ìgò. Ti Èkó á kọ́kọ́ rùn bí ṣúgà tó jó díẹ̀ nínú páànù, pẹ̀lú èso dàbínù gbígbẹ. Adùn ló ń wọlé ṣáájú, ó sì ki lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kíkan kékeré kan á jáde létí ahọ́n, bí ìgbà téèyàn bá mu àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, ni àyà á wá gbóná. Kíkorò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn adùn ló sá pamọ́ sí. Ti Dublin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kọfí tí wọ́n sun dúdú ni òórùn rẹ̀, adùn rẹ̀ kò pẹ́, kíkorò ló ń gba ipò. Tí ẹ bá gbé e mì tán, ẹnu á gbẹ táútáú, á sì tún máa wu yín láti fi ahọ́n kan ife.

Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni ẹ fẹ́ fi ọtí tì, ti Èkó ni kí ẹ rà, mi ò tilẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kíkorò hops máa ń jẹ́ kí ata gbóná sí i lẹ́nu, adùn ló máa ń rọ̀ ọ́. Ẹ fi ti Dublin mu pẹpẹ súùpù ẹja àrọ̀ kí ẹ wò ó, ata á di iná. Ẹ fi ti Èkó mu ún, ẹ ó ráyè gbọ́ adùn ẹja náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àsun àti ìgbín tí wọ́n fi ata rodo dín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jẹun tán, tí ẹ kàn fẹ́ jókòó ti ìgò kan ní ìrọ̀lẹ́ òtútù, adùn ti Èkó lè sú yín kí ìgò tó dé ìdajì. Ti Dublin ni kí ẹ gbé nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ òtútù náà wà níbẹ̀. Nílé, ìgò tó ń sunkún omi láti inú yìnyín la fẹ́, oòrùn ló sì fà á. Òtútù àmujù máa ń pa òórùn ọtí dúdú, kíkorò àti kíkan nìkan ló máa ń kù. Ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní ìwà òyìnbó nìyẹn.

Àwọn kan tún ń bèèrè bóyá Òdékú ṣì jẹ́ Òdékú, látìgbà tí Diageo, ilé-iṣẹ́ tó ni Guinness, ti kéde ní 2024 pé òun ń ta ìpín òun nínú Guinness Nigeria fún ilé-iṣẹ́ Tolaram. Orúkọ Guinness ṣì jẹ́ ti Diageo, ẹ̀tọ́ láti pọn ọ́n ni àwọn tó rà á ní. Ní ẹnu tèmi, kò tíì yí padà.

Agolo

Guinness inú agolo kì í ṣe àbúrò Òdékú, ẹ̀yà mìíràn ni. Agbára rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 4%. Náítrójìn ló ń mú un rọ̀ lẹ́nu: láti 1959 ni wọ́n ti ń lò ó fún ti inú ilé ọtí, nígbà tó sì di 1988 ni wọ́n fi ìṣù ike kékeré kan sínú agolo tó ń tú gáàsì náà jáde béèyàn bá ti ṣí i. Ìfófó rẹ̀ dára wò, ó ń rọ̀ mọ́ ètè. Ọtí ìsàlẹ̀ ìfófó ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí Òdékú ti mọ́ lẹ́nu á ní omi ni. Ẹ rà á tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù méjì tẹ̀ léra wọn kí ojú yín sì dá.

Legend

Nigerian Breweries ló gbé e jáde ní 1992 láti fi dojú kọ Guinness, 7.5% ni òun náà. Òórùn ọkà yíyan inú rẹ̀ dá ṣáká ju ti Òdékú lọ, kò ní kíkan yẹn, ṣùgbọ́n kò ki tó o. Ní Ìbàdàn, mo lè mú un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara ìgò kí ẹ tó sanwó, nítorí kì í tètè tà níbí, mo sì ti rà á níbì kan tó ń rùn bí páálí tó rọ̀ fún omi.

Ti Bermondsey

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé Ireland ni ọtí dúdú ti ṣẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni porter, bàbá stout, ti gbòde ṣáájú; ibẹ̀ ni Dublin ti kọ́ ọ. Arthur Guinness, ẹni tó dá Guinness sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ń pọn ale, oríṣi bíà mìíràn, tẹ́lẹ̀, 1799 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọn ìyẹn kẹ́yìn kí wọ́n tó gbájú mọ́ porter. Nítorí náà, nígbà tí Evin O'Riordain, ẹni tó ti ta wàràkàṣì rí, dá Kernel sílẹ̀ ní 2009 lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, tó sì ń pọn Export Stout tó kọ "London 1890" sí lára, ilé àwọn baba ńlá ọtí yìí ló padà sí.

Ìgò rẹ̀ kò lẹ́wà. Bébà àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí àwòrán. Agbára rẹ̀ máa ń yí díẹ̀ láti ìpọn kan sí òmíràn, ó sábà máa ń lé ní 7%, ẹ ka ara ìgò. Tí ẹ bá tú u, ìfófó rẹ̀ á pọ́n, á sì pẹ́ kó tó lọ. Ṣokoléètì kíkorò ni, kọfí, àti igi tó ti jó. Adùn kò sí níbẹ̀ tó béèyàn ṣe lè dárúkọ rẹ̀. Ó ki ju ti Dublin lọ, síbẹ̀ ó gbẹ jù ú lọ, mi ò sì tíì rí stout mìíràn nínú márààrún tó ń yí padà bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń móoru nínú ife.

Súyà ló bá a mu jù nínú oúnjẹ wa, ẹran tí ẹ̀pà àti iná ti fọwọ́ bà, kí ata má ṣáà pọ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ pẹpẹ súùpù. Ẹ má sì rà á fún òde ìnáwó, nítorí òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, àwọn àlejò á sì máa bèèrè ibi tí Òdékú wà. Fún ẹni tó fẹ́ mu ìgò kan ṣoṣo lálẹ́ Sátidé, tó fẹ́ mọ ohun tó ń mu, owó rẹ̀ kò sọnù. Òun ni èmi máa ń ná tèmi lé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ ka ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n lára ìgò, ẹ má fi ojú inú rà á. Tó bá jẹ́ ti Èkó, ẹ mú ìgò kékeré ṣáájú: ìgò ńlá 60cl jẹ́ yúnìtì (òṣùwọ̀n agbára ọtí) 4.5 nínú 14 tí àwọn dókítà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ká má kọjá lọ́sẹ̀, ìgò ńlá mẹ́ta péré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti ń jẹ oòrùn lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ti Èkó kì í dára sí i tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, ẹ mu ún bí ẹ bá ṣe rà á. Ti Kernel lè dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn fún ọdún kan kó sì rọ̀ sí i, nítorí ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ní òró ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì dá èyí tó kù nísàlẹ̀ ìgò dúró, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni.