Iná Ìta Wo Ni Kí Ẹ Rà Tí Kò Fi Ní Ba Òkùnkùn Alẹ́ Jẹ́?

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta iná, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé "èyí mọ́lẹ̀ gan-an." Ẹ má tíì sanwó. Ẹ bèèrè pé ibo ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ. Èyí tó bá gba ojú ọ̀run lọ, ẹ̀yin lẹ ń sanwó rẹ̀ láìrí i lò, òun náà ló sì ń bo ìràwọ̀ mọ́ àdúgbò lójú. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn ayé tí kò lè rí Milky Way mọ́ níbi tí wọ́n ń gbé, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó tẹ́ lọ gbọọrọ bí èéfín.

Iná rogodo àti iná oníbòrí

Iná rogodo orí òpó géètì dára wò lọ́sàn-án. Tó bá dalẹ́, á máa tàn sókè, á máa tàn wọ yàrá aládùúgbò, díẹ̀ ló sì ń balẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Oníbòrí ni kí ẹ rà, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Àmọ́ ẹ yẹ ìbòrí náà wò: ẹ gbé iná yẹn sókè bí ìgbà tó wà lára ògiri, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí gílóòbù bá ṣì ń yọjú nísàlẹ̀ ìbòrí, ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi síbẹ̀.

Floodlight àti iná kékeré tó ní sẹ́ńsọ̀

Nítorí olè ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ra floodlight, ìyẹn iná ńlá tó ń tàn yòò sí gbogbo àgbàlá. Ẹ dán èyí wò: ẹ dúró sọ́ọ̀ọ́kán níwájú rẹ̀ lálẹ́, kí ẹnì kan lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ò ní rí i. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná náà mọ́ra yín lójú, ẹni yẹn á yọ kedere. Ìmọ́lẹ̀ líle ló ń mú kí ọmọlójú sún kì, gbogbo ibi tí òjìji bá wà á wá dúdú kirikiri. Ibẹ̀ gan-an ni olè máa dúró sí.

Èyí tó ní sẹ́ńsọ̀ ń tàn nígbà tí èèyàn bá kọjá, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á kú. Iná tó ṣàdédé tàn ń mú kí èèyàn bojú wòta. Èyí tó ti ń tàn láti àṣálẹ́, ta ló tún ń wò ó? Àléébù rẹ̀ ni pé ológbò àti ẹ̀ka igi máa ń tàn án, nítorí náà ẹ má kọjú rẹ̀ sí igi tàbí títì. Bí ẹ bá sì ti ní floodlight nílé, ẹ má jù ú nù: ẹ tú bóòtù rẹ̀, kí ẹ da gíláàsì rẹ̀ délẹ̀ pátápátá.

Funfun báláú àti pupa rúsúrúsú

Ẹ wá nọ́ńbà tí K tẹ̀ lé lára páálí. K yẹn (Kelvin) ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni iná ṣe ń pupa rúsúrúsú, bó bá ṣe pọ̀ sí ni á ṣe funfun báláú. Àbẹ́là wà ní nǹkan bíi 1900K, gílóòbù àtijọ́ ní 2700K, LED funfun báláú sì ń dé 6500K. Búlúù ló pọ̀ nínú funfun yẹn, búlúù ló sì máa ń fọ́n ká jù nínú afẹ́fẹ́, òun ló jẹ́ kí ojú ọ̀run ní àwọ̀ tó ní lọ́sàn-án. Ó ń pe kòkòrò, ó sì ń dí oorun lọ́wọ́. DarkSky International, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988 láti dáàbò bo òkùnkùn alẹ́, ní kí a má kọjá 3000K. Èmi á ra 2200K, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé aṣọ búlúù á fẹ́ jọ dúdú lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé létí òkun tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin nílò èyí tó tún pupa jùyẹn lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ọmọ ìjàpá fi ń mọ ọ̀nà omi.

Wáàtì àti lumen

Wáàtì ni iye iná mànàmáná tó ń jẹ, lumen ni ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. LED 9W lè fún yín ní 800 lumen, bíi gílóòbù 60W àtijọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹnu ọ̀nà.

Sólà

Kò gba wáyà, àmọ́ funfun báláú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì tí ẹ fi lè yàn án sí sẹ́ńsọ̀ nìkan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ẹ tó gun àkàbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa kọjú sí ògiri ni bọ́tìnnì náà sábà máa ń wà.