Àyẹ̀wò gbogbogbòò àbí àbẹ̀wò ilé?

Olórí nọ́ọ̀sì tó ń ṣètò owó fún ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń ní ọ̀nà méjì níwájú: kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn láwùjọ, tàbí kí ó rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn tí a ti mọ̀ pé wọ́n ní àrùn náà.

Àyẹ̀wò gbogbogbòò ń yá, kì í sì í gbówó púpọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí ni kò mọ̀. Kì í sábà fi àmì kankan hàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọpa ẹni tí ẹ̀rọ kọ 160/100, iye tó ga jù, fún?

Àbẹ̀wò ilé wọ́n jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń ṣí àpò oògùn, tí yóò rí i pé káàdì oògùn oṣù tó kọjá ṣì kún. Èmi ò ní fi iye apá tí a wọ̀n pín owó náà, bí kò ṣe iye ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 140/90. Àwọn tí a ti rí ni kí a kọ́kọ́ náwó lé.