Ẹ má ra hard disk "5,000 template" tí wọ́n ń tà n'Ìkòròdú o!

Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò fọ́tò fún òkú, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, láti Sábó dé Ìta-Ẹlẹ́wà dé Ìgbógbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. ₦85,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Hard disk kan tó kún fún template (iṣẹ́ fídíò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí ẹ kàn máa fi fọ́tò tiyín sí) àti After Effects, ètò Adobe tí a fi ń ṣe irú fídíò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pè ní "lifetime", ìyẹn ti títí ayé, ni mo rí gbà. ₦85,000! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé fọ́tò kan ṣoṣo jáde bó ṣe yẹ.

Bí ọkùnrin tó ń tà á ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, á ki disk bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á máa ṣí wọn hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan: fọ́tò tó ń yọ látinú èéfín, fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ sórí okùn tí atẹ́gùn ń fẹ́, álíbọ́ọ̀mù tó ń ṣí ara rẹ̀ lójúewé-lójúewé, góòlù tó ń rọ̀ bí òjò. Ó dára lójú, irọ́ kọ́. Àmọ́ MP4, fídíò tó ti parí lásán, ni gbogbo ohun tó ń ṣí yẹn! Fídíò àfihàn tí àwọn tó ni template gangan gbé síta kí oníbàárà lè rí ohun tó fẹ́ rà ni, òun kàn wà á kó jọ. Fídíò àfihàn kì í ṣe template. Kò sí ibi tí ẹ máa fi fọ́tò tiyín sí nínú rẹ̀. Ilé ni mo dé kí n tó rí orúkọ ìkànnì tí wọ́n kọ gba àárín fídíò kọjá, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fódà 60 ni mo ṣí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú 41, MP4 nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó kù ní fáìlì .aep, ìyẹn fáìlì iṣẹ́ After Effects gangan, lóòótọ́. Mo ṣí ọ̀kan, After Effects ní version tó tuntun ju tèmi lọ ni wọ́n fi ṣe é, òun ò lè ṣí i. After Effects tí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ fi sórí kọ̀ǹpútà mi ni o! Version àtijọ́ kì í ka iṣẹ́ version tuntun, àfi tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bá fi pamọ́ fún version tó wà nísàlẹ̀. Mo ṣí òmíràn. Ó ṣí, ṣùgbọ́n ìlà aláràbarà ló kún ojú screen, irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé síta tí ètò bá ti tán. Footage, ìyẹn fọ́tò, fídíò àti orin tí iṣẹ́ náà ń lò, ti sọnù nìyẹn. Fáìlì .aep kì í gbé fọ́tò, fídíò tàbí orin sínú, àdírẹ́sì ibi tí wọ́n wà ló máa ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́pì .aep nìkan fún yín, àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti wó ló fún yín. Ẹni tó mọṣẹ́ á lọ sí File, á bọ́ sí Dependencies, á tẹ Collect Files, gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà ń lò á sì wọ inú fódà kan ṣoṣo. Èyí ò ṣe é, nítorí kì í ṣe òun ló ni iṣẹ́ náà. Ó jí i ni.

Ẹ̀kẹta ní effect kan ò sí: Trapcode Particular. Plugin, àfikún tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ni, kì í bá After Effects wá. Góòlù tó ń rọ̀ bí òjò ní ṣọ́ọ̀bù kò rọ̀ mọ́, fọ́tò lásán ló dúró sínú òkùnkùn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti lẹ́tà. Àwọn ọmọ olóògbé tí mo ń ṣe fídíò ìsìnkú rẹ̀ ní kí n kọ "Ó dìgbóṣe, Màmá Ọ̀wọ́n". Font inú template yẹn kò mọ ṣ, kò mọ ọ, àpótí kéékèèké ló gbé jáde níbi tí wọ́n yẹ kó wà. Àpótí! Lójú gbogbo ẹbí! Font Noto Sans ni mo padà fi kọ ọ́ kí àmì orí lẹ́tà àti ti ìdí rẹ̀ tó jókòó síbi tó yẹ.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ṣé èmi tó mọ iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n rí mú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé CS6 ti ọdún 2012 ni After Effects ìkẹyìn tí Adobe tà fún àsanlẹ́ẹ̀kan, pé láti 2013 owó oṣù tàbí ọdún ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, "lifetime" yẹn, crack ni, ẹ̀dà tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa sanwó. Ó ní kí n pa Windows Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà, kí òun tó lè fi sí i, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi pa á. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́rin, fọ́tò 40 wà nílẹ̀, ẹbí ti san àsansílẹ̀. Kì í ṣe ojúkòkòrò ló gbé mi débẹ̀. Ẹni tó pa irọ́ ló jẹ̀bi, ẹ má gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí.

Ní ọjọ́ kejì, password email mi ti yí padà. Mo ní láti pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́, kí n tún Windows fi sí i látilẹ̀. Odindi ọjọ́ kan lọ síbẹ̀.

Mo pè é. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ni kò lágbára. 16GB ni RAM mi, iye tí Adobe gan-an kọ pé kò gbọ́dọ̀ dín sí! Mo tún pè é, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti kọ́pì kò ní ìdápadà. Lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ńbà kò lọ mọ́. ₦85,000.

Ọwọ́ ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà níkẹyìn, nínú DaVinci Resolve, ètò fídíò mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 20. Fọ́tò mẹ́jọ péré ni mo ráyè gé màmá kúrò lára ẹ̀yìn wọn, kí n kun ihò tó ṣẹ́kù, kí n ti ẹ̀yìn jìnnà kí kámẹ́rà lè máa rìn láàárín wọn. Àwọn 32 yòókù, mo kàn ń fẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti 100% dé 108% ni.

Mi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn, àtẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù àtẹni tó ń fi flash kiri. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà dandan, ẹ gbé laptop tiyín lọ. Ẹ kọ́pì fódà kan sórí rẹ̀, ẹ yọ disk kúrò pátápátá, nítorí tó bá wà lára rẹ̀, ó lè jẹ́ inú disk ló ti ń ka footage. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí .aep. Ẹ fi fọ́tò tiyín méjì sí i, ẹ kọ orúkọ tó ní ẹ́ àti ọ̀, ẹ render àáyá 10, ìyẹn ni pé kí ẹ gbé e jáde bíi fídíò. Ẹ ka àyè fọ́tò tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 10, tí fọ́tò yín sì jẹ́ 40, inú Project panel ni kí ẹ ti duplicate comp (àyè tí fọ́tò ń jókòó sí), kì í ṣe lórí timeline, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan náà ló máa yọ níbi gbogbo. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ pa Defender, ẹ dìde.

Ẹ má sì san owó kí render tó parí. Èmi ti san tán kí n tó jókòó.