Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tún pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe: ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú síílà ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tún ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe lọ́wọ́, ìbáà ṣe Peugeot 504 tàbí Datsun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó náwó. Oníṣòwò kan wà ní Ìkòròdú níhìn-ín tí ń ta síílà tí a fi ń dí ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú túùbù rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kọ sí i lára. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn ń pè é ní polyurethane ti ọkọ̀, ìyẹn ojúlówó síílà tó yẹ páànù ọkọ̀. Nígbà tí mo bó ìwé náà, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, tó fi hàn pé sílíkóònù tí àwọn onífèrèsé ń lò ni.

Ọkọ̀ 504 kan tí wọ́n fi ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn òjò. Ọ̀dà ti wú ní gbogbo igun tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ gbé etí síílà náà sókè, ó sì bó kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Omi wà lábẹ́ rẹ̀, páànù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó mọ́ ọn sì ti dípẹtà. Owó ajórin àti owó ọ̀dà wọmi. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti ń bínú sí ajórin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà mọ iṣẹ́, kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le. Bí a bá jó páànù méjì pọ̀ ní ojú kan ojú kan, àlàfo tín-ín-rín máa ń kù láàárín wọn, omi a sì máa fà wọ inú rẹ̀ bó ti wù kí ó kéré tó, pàápàá omi oníyọ̀ tí ń jò lára ẹja. Ojúlówó síílà máa ń di práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, mú, ó máa ń tẹ̀ lé páànù bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ọ̀dà sì máa ń gbà lórí rẹ̀. Sílíkóònù kì í gba ọ̀dà, èyí tí ń rùn bí fínígà nínú rẹ̀ sì ń tú ásíìdì jáde bí ó ti ń gbẹ, ásíìdì yẹn a sì máa jẹ irin.

Oníṣòwò yìí kì í gbà kí a ṣí túùbù kan wò, kódà bí a bá ti sanwó rẹ̀. Tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, owó rẹ̀ kò sì kéré débi tí ara yóò fi fu ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èékánná wá etí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ túùbù, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ bóyá wọ́n ti fi tína nù ún. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni polyurethane fi ń gbẹ, èyí tó bá sì ti pẹ́ lórí àtẹ ní ìlú etí ọ̀sà bí tiwa lè ti le gbagidi. Òórùn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé irú sílíkóònù kan wà tí kò rùn bí fínígà. Ohun tó dájú ni kí ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ fi díẹ̀ sórí àfọ́kù páànù tí ẹ ti kùn ní práímà, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá kun ọ̀dà lé e. Bí ọ̀dà bá ń sá sẹ́yìn, tó ń la ojú róbótó róbótó, sílíkóònù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fi sánpépà ha á, nítorí sílíkóònù náà yóò wọnú àwọn ìlà tí sánpépà bá fà sára irin. Ẹ fi igi tàbí ike pẹlẹbẹ họ ọ́ kúrò, kí ẹ fi omi ìnu-ọ̀rá tí àwọn akunọ̀dà ń lò nù ún pẹ̀lú àkísà mímọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ léraléra, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ha irin náà títí tí yóò fi máa dán. Práímà ló kàn, kí síílà gidi tó tẹ̀ lé e; ẹ má sì dí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀.

LASCOPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń dáàbò bo oníbàárà, àti FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ ni a lè fẹjọ́ sùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín, ẹ má sì dá túùbù padà fún oníṣòwò náà kí ẹ tó ya àwòrán ìwé méjèèjì tó wà lára rẹ̀.